Ewé Ara Ọṣẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń pa òwe yìí. Mo ti pa á níbi ìgbéyàwó, mo ti pa á fún ọmọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo sì ti pa á fún ara mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Èkó tí n kò mọ ẹnì kan. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ó pẹ́ gan-an tí mo ti rí ewé lára ọṣẹ kẹ́yìn. Ọṣẹ tí à ń rà nísinsìnyí, inú ọ̀rá ni ó máa ń wà, ọ̀rá náà tí àwọn mìíràn ń pè ní náílọ́ọ̀nù. Bí ọ̀rá bá wà lára ọṣẹ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ọ̀rá ni yóò máa jẹ́. Òwe ṣì wà lẹ́nu wa, ohun tí a fi pa òwe ti lọ, a kò sì fura.

Èrò yìí kò sọ sí mi lọ́kàn àfi ọjọ́ tí mo yà sí ilé ìtajà kékeré kan ní Ìjanikin. Ẹni tí ó bá mọ títì tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì yóò mọ ìlú náà. Bí a bá ti Mile 2 bọ̀, tí a kọjá Ọ̀jọ́, tí a kọjá oríta Ìbà níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti máa ń rọ́ gìrìgìrì wọ ọkọ̀, tí a sì bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òkokomáìkò, Ìjanikin kò jìnnà mọ́. Ilẹ̀ Àwórì ni. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ girama Ìjọba Àpapọ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a fi orúkọ Adéníran Ògúnsànyà pè wà, èyí tí ó di Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022.

Ilé ìtajà tí mo ń wí kò ju yàrá kan lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù kò sí níbẹ̀. Fèrèsé méjì tí ó dojú kọ ara wọn ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Òrí wà níbẹ̀ nínú ìgò ẹlẹ́nu gbọọrọ, àdín àgbọn wà níbẹ̀, àdín ẹkùrọ́ dúdú wà níbẹ̀, oyin, osùn, kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú. Lára ògiri ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tí ó bá dá ìgò padà, a ó dín owó ọjà kù fún un. Obìnrin tí ó ni ilé ìtajà náà ti tó ẹni ogójì ọdún. Ó kí mi tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó sì sọ fún mi pé òun lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn bí ènìyàn ṣe lè tajà láìba ayé jẹ́: kí a má lọ ra ohun tí ó jìnnà bí irú rẹ̀ bá wà nítòsí, kí ohunkóhun má ṣòfò, kí ohun tí a fi di ọjà lè jẹrà padà sínú ilẹ̀. Ó ní ọ̀nà tuntun ni, pé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ni ó ti ń bọ̀.

Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ta ni ó sọ fún ọ pé tuntun ni?"

Ó ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa o. Àbí ẹ mọ èyí tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo ní ìyá tí ó bí ìyá mi fi iṣẹ́ náà jẹun títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ni ó bá fa àga fún mi, ó ní kí n jókòó kí n sọ ọ́, kí òun lè máa sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà òun. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà kò kún tó, nítorí pé ọjọ́ ti lọ, mo sì ń ronú ọkọ̀. Mo fẹ́ sọ ìyókù níhìn-ín.

Oko kòkó wa wà ní ìgbèríko Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn ilé, níbi tí omi kò jìnnà sí, ni ẹbu ìyá àgbà wà. Ẹbu ni à ń pe ibi tí a ti ń ṣe epo àti ibi tí a ti ń se ọṣẹ. Nígbà tí a bá fọ́ kòkó tán, èèpo rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí lójú ìyá àgbà. Àwa ọmọdé ni a máa ń sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ táútáú. A ó kó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn, a ó kó ìdì ẹyìn tí a ti ṣa ẹyìn rẹ̀ tán mọ́ ọn, a ó sì fi iná sí i. Eérú tí ó bá jáde ni ìyá àgbà yóò kó sínú ajere, èyíinì ni ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, lẹ́yìn tí ó bá ti fi ìhá tẹ́ inú rẹ̀. Yóò wá máa bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Omi tí ó ń kán láti ìdí ajere máa ń pọ́n bí omi tíì. Ìyá àgbà a fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ ọ wò. Bí kò bá ta á lẹ́nu tó, yóò dà á padà sórí eérú. Bí ó bá ta á jù, yóò fi omi là á. Ahọ́n rẹ̀ nìkan ni òṣùwọ̀n tí ó ní, n kò sì rí ọjọ́ kan tí ọṣẹ rẹ̀ bó ẹnikẹ́ni lára.

Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé àdín ka iná. Inú ẹkùrọ́ ni àdín náà ti wá, àwọn obìnrin ni ó sì ń fi òkúta pa ẹkùrọ́ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí iṣẹ́ oko bá dín. Yóò máa da omi eérú sí àdín, yóò sì máa fi orógùn rò ó. Ó lè hó láti àárọ̀ títí di alẹ́ kí ó tó dì, kí ó sì tó dúdú. Èéfín ibẹ̀ kò dára fún ojú. N kò lè gbàgbé bí ojú ìyá àgbà ṣe máa ń pọ́n. Nígbà tí ọṣẹ bá tutù, yóò máa bù ú sínú ewé eéran, tàbí ewé gbòdògì bí eéran bá wọ́n, yóò sì fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yìí. Ìhá ara ẹyìn ni à ń fi dáná, òun náà ni à ń dì pọ̀ di ògùṣọ̀. Eésan, èyíinì ni èèpo líle tí ó bo ẹkùrọ́, ni àwọn alágbẹ̀dẹ ń wá kiri nítorí pé iná rẹ̀ múná; èyí tí kò bá rí alágbẹ̀dẹ, a ó dà á sójú ọ̀nà tí ó ń yọ̀. Eérú tí a ti fa agbára rẹ̀ tán, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó ń lọ. Omi tí a fi wẹ̀ ń ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà yóò sì padà wá di eérú. Ewé tí ó bá bọ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ ni ó ni ín. Ọṣẹ kò ní ààtàn tirẹ̀ ní abúlé wa, a kò sì pe èyí ní orúkọ kankan. Ẹni tí ó bá da èèpo kòkó nù ni wọ́n máa ń pè ní ọ̀lẹ.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ìtumọ̀ tí wọ́n fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀rá tàbí òróró tí ó bá bá ohun kíkan tí ó wà nínú eérú pàdé lórí iná yóò yí padà di ọṣẹ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Chevreul ni ó tú àṣírí yìí sílẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1823. Ohun tí ó wà nínú eérú igi àti èèpo kòkó ni pọ́táṣì, pọ́táṣì sì máa ń jẹ́ kí ọṣẹ rọ̀. Ìdí nìyí tí ọṣẹ wa fi rí múlọ́múlọ́, tí ti àwọn òyìnbó fi le bí bíríkì, nítorí pé sódà ni àwọn ń lò. Ọmọ Faransé mìíràn, Leblanc, ni ó gba ìwé àṣẹ ní 1791 lórí ọ̀nà tí a fi lè ti ara iyọ̀ ṣe sódà, nígbà tí ó yá, àwọn ilé iṣẹ́ ọṣẹ Yúróòpù kò sì gbára lé eérú mọ́. Nígbà yìí ni mo tó rí òwe wa yé. Ohun kíkan tí ó bá ṣẹ́kù nínú ọṣẹ, tí òun àti òróró kò tíì parí ìjà wọn, a máa wọ inú ewé lọ. Ewé yóò rọ̀, yóò dúdú, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọṣẹ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò ní lè yà wọ́n. Ìyá àgbà kì í bó ewé yìí jù nù. Ó ń fi í fọ ìdí ìkòkò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò fi ewé àti ọṣẹ ṣe àfiwé lásán. Ohun tí ó fi ojú rí ní ẹbu ni ó sọ.

Iṣẹ́ obìnrin ni iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Samuel Johnson ń ka iṣẹ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá nínú ìwé ìtàn rẹ̀, èyí tí ó parí ní 1897 tí àbúrò rẹ̀ sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó ka epo ṣíṣe, àdín ṣíṣe àti òrí ṣíṣe mọ́ ọn, ó sì ní ti obìnrin nìkan ni wọ́n. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Òrí kì í hù létí òkun. Ní apá Ṣakí, Ìgbòho àti Kìsí, títí dé ilẹ̀ Bàrùbá àti ti Nupe, ni igi rẹ̀ wà, kì í sì í ṣe igi tí a ń gbìn bí kòkó. Igi oko ni, tí àgbẹ̀ máa ń dá sí bí ó bá ń ṣán igbó. Mungo Park rí i lápá ibi tí odò Ọya ti ń ṣàn wá nínú ìrìn àjò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1795, ó sì yìn ín ju bọ́tà màlúù lọ. Ní apá ọ̀dọ̀ wa létí òkun, láti Ìjanikin títí dé Àgbádárìgì, àgbọn ni ó wà. Àwọn obìnrin Àwórì àti Ògù a máa rin àgbọn, wọn a fún omi rẹ̀ bí wàrà, wọn a jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ọ̀rá rẹ̀ lè léfòó, wọn a sì sè é títí àdín yóò fi yọ sókè. Háhá ara àgbọn di okùn àti kànìnkànìn, igbá rẹ̀ di iná tàbí ife, ìyàngbò rẹ̀ di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ ó rí i pé ọ̀nà kan náà ni àwọn obìnrin wọ̀nyí àti ìyá àgbà ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kò pàdé rí.

Ọṣẹ yìí rin ìrìn àjò pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gánà, *alata samina* ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú títí di òní. *Samina* ni ọṣẹ. *Alata* sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn tí ó wá láti apá ọ̀dọ̀ wa. Àwọn mìíràn ń pè é ní *anago samina*, Ànàgó sì nìyí, gbogbo wa ni a mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní ilẹ̀ náà, àwọn oníṣòwò Yorùbá sì di ẹrù lé orí. Wọ́n lé àwọn ènìyàn, wọn kò lé orúkọ wọn kúrò lára ọṣẹ.

Ta ni ó wá ya ewé nípa kúrò lára ọṣẹ wa? Kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹkùrọ́. Nígbà tí òwò ẹrú ń kásẹ̀ nílẹ̀, epo pupa ni àwọn òyìnbó kọ́kọ́ ń wá wá, nítorí ọṣẹ àti àbẹ́là wọn, àti nítorí ẹ̀rọ wọn tí ó ń fẹ́ gírísì. Wọn kò náání ẹkùrọ́. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n ti mọ iyì rẹ̀, nígbà tí ọ̀rúndún náà yóò sì fi parí, ẹkùrọ́ ti di ọjà ńlá ní Èkó, Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń lọ. Àwọn obìnrin tí ń pa ẹkùrọ́ láti se àdín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á fún ọkọ̀ ojú omi.

Ní 1884, William Hesketh Lever, ọmọ alátajà oúnjẹ kan ní Bolton, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọṣẹ kan tí ó pè ní Sunlight. Ṣáájú rẹ̀, bí ènìyàn bá fẹ́ ra ọṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alátajà yóò gé e fún un lára ọ̀pá gígùn kan, bí ẹni gé iṣu, ọṣẹ náà kò sì ní orúkọ. Lever gé ti rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ láti ilé iṣẹ́, ó fi ìwé dì í, ó sì tẹ orúkọ sára ìwé náà. Lójú tèmi, ìwé yìí ni ọgbọ́n tí ó pọ̀ jù nínú gbogbo ọgbọ́n Lever. Òróró inú èso ilẹ̀ olóoru bí ẹkùrọ́ àti àgbọn wà nínú ọṣẹ náà. Ìlú tí ó kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti 1888, Port Sunlight, jókòó sórí òógùn àwọn obìnrin tí kò mọ̀ pé ó wà.

Lever fẹ́ gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ ní Nàìjíríà láti gbin ọ̀pẹ sí, ṣùgbọ́n ìjọba amúnisìn kò gbà fún un. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ni ó ti rí ilẹ̀ gbà ní Kóńgò ní 1911. Kò pa ọ̀rọ̀ Nàìjíríà tì. Ní 1920 ó ra ilé iṣẹ́ Niger Company, ní 1923 ó sì dá Lever Brothers (West Africa) sílẹ̀ ní Èkó, kò sì pẹ́ tí ilé iṣẹ́ ọṣẹ wọn fi dìde ní Àpápá. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo fẹ́ kí a ṣe òdodo. Àwọn ènìyàn wa kò ra ọṣẹ olórúkọ nítorí pé wọ́n jẹ́ òmùgọ̀. Ó le, kì í tètè yọ́ dànù, ó ń rùn dáadáa, kò sì ní eérú nínú. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ní ọ̀kan tí ó fi ń wẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọṣẹ onípépà bọ́ sí ojú fèrèsé ilé-ìwẹ̀, ọṣẹ oníwèé di ti ìgboro, ọṣẹ oníléwé sì di ti oko, ti ìfọṣọ, àti ti oníṣègùn.

Èyí tí ó dùn mí kọjá ti ọṣẹ. Nígbà tí a kọ́ ojú wa láti gbà pé ohun tí ó dúdú kò mọ́, ọ̀rọ̀ náà kò dúró lórí ọṣẹ. Ó kan awọ ara. Fela kọrin bú ìbóra nínú *Yellow Fever* ní 1976, àwọn tí ó ń bóra sì jó sí i. Lóde òní, ìbóra ti wọ aṣọ tuntun, aṣọ náà sì ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀gáníìkì. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó ra ìpara kan lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ pé ewé àti egbò nìkan ni òun fi ṣe é. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú rẹ̀ pọ́n, oríkèé ìka rẹ̀ dúdú bí èédú, awọ ọrùn rẹ̀ sì ń ṣí. Ìbọ̀wọ́ ni ó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nínú ooru oṣù kẹta. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ sọ fún wa pé hydroquinone ni, èròjà tí NAFDAC ti ń kìlọ̀ lé lórí tipẹ́ pẹ̀lú mẹ́kúrì. Ní 2023 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ náà, kéde pé ìbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera ará ìlú.

Mo sọ ìtàn yìí fún obìnrin Ìjanikin. Kò yà á lẹ́nu. Ó ní nínú oníbàárà mẹ́wàá tí ó bá wọlé, ó lè tó mẹ́rin tí yóò rọra bi òun pé, "Aúńtí, ẹ ò ní èyí tí ó ń mú ènìyàn pupa díẹ̀?" Bí òun bá ti ní òun kò ní, wọn a jáde. Owó ilé ìtajà rẹ̀ ń pé, ẹni tí ó ń ta ìpara apupa kò sì jìnnà sí i. Ó ní, "Bàbá, ìgò tí mo ní kí wọ́n dá padà kọ́ ni ó le. Èyí gan-an ni ó le."

Kí ẹnikẹ́ni má ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. N kò sọ pé ohunkóhun tí ó bá ti inú ilẹ̀ jáde kò lè pa ènìyàn. Tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé sójú, òjé ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, òjé kò sì dára fún ọmọdé. Ọṣẹ dúdú tí omi eérú rẹ̀ bá pọ̀ jù yóò bó ni lára. Àwọn kan ń da kọ́síkì sódà sí tiwọn kí ó lè tètè dì, wọn a sì máa pè é ní ti ìbílẹ̀. Òrí ṣíṣe ń jẹ igi ìdáná púpọ̀, ẹni tí ó bá sì gé igi òrí láti fi se òrí ti jẹ ẹyin, ó tún pa adìyẹ. Ìyá àgbà kò kà nípa èyíkéyìí nínú èyí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó fi sínú ìkòkò, ó sì mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ń ra ọjà rẹ̀. Bí ọṣẹ bá bó ọmọ ẹnì kan lára, ìyá ọmọ náà mọ ilé wa.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn tí Lever dé, Unilever Nigeria, tí í ṣe ilé iṣẹ́ kan náà lábẹ́ orúkọ mìíràn, kéde pé òun fẹ́ jáwọ́ nínú ọjà Omo, Sunlight àti Lux ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí lórí fóònù pé kí a jó. N kò jó. Ọṣẹ dúdú kọ́ ni ó wọ ipò wọn. Ọṣẹ ilé iṣẹ́ mìíràn ni, inú ọ̀rá ni òun náà sì wà. Ọ̀rọ̀ òrí náà kò yàtọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Igbákejì Ààrẹ, Kashim Shettima, kéde pé ìjọba ti fi òfin de kíkó èso òrí tí a kò tíì sọ di òrí lọ sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà. Ó ní nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún èso òrí àgbáyé ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wa wá, ṣùgbọ́n ìdá 1 péré ni ó ń kàn wá nínú ọjà rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, ẹkùrọ́ tí ó ń lọ sí Hamburg ni mo rántí.

Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti gbé ìgbésẹ̀ tirẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni wọ́n fi òfin de abọ́ fóòmù funfun tí a fi ń bu oúnjẹ, láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 sì ni wọ́n ti fi òfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àwọn ohun èlò ọlọ́rá tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá rin ìrìn ẹsẹ̀ láti Òkokomáìkò dé Ìjanikin lẹ́yìn òjò yóò mọ ìdí rẹ̀. Gọ́tà kún fún un.

Nígbà tí mo tún padà lọ sí Ìjanikin lẹ́yìn oṣù méjì, obìnrin náà ti gbìyànjú ewé. Kò rọrùn fún un láti rí. Ó ní àwọn àgbà àdúgbò sọ fún òun pé ewé eéran ń hù tẹ́lẹ̀ ní àbàtà tí kò jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti da yanrìn sí àbàtà náà, ilé ni ó wà lórí rẹ̀ báyìí. Ọwọ́ àwọn tí ń ta ewé fún ẹlẹ́kọ ni ó ti ń rà á. Oníbàárà àkọ́kọ́ tí ó rí ọṣẹ oníléwé lórí àtẹ sá sẹ́yìn, ó ní òun kò mọ̀ pé babaláwo ni obìnrin náà ń bá ra ọjà. Òmíràn ní kí ó bá òun bó o kúrò kí àwọn ará ìjọ òun má baà rí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́. Ọmọ rẹ̀ ni ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gé ọ̀kan sí méjì, kí ó ṣí i sílẹ̀ lórí àtẹ kí gbogbo ènìyàn lè rí inú rẹ̀ pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀ bí kò ṣe ọṣẹ. Láti ìgbà náà ni díẹ̀díẹ̀ ti ń lọ, pàápàá lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí wọn kò mọ ohun tí àwọn òbí wọn ń bẹ̀rù.

Mo ra méjì. Mo fi ọ̀kan wẹ̀, mo sì fi èkejì sórí pákó ní ilé-ìwẹ̀, n kò tú u. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo mú un. Ewé náà ti dúdú, ó ti rọ̀ bí aṣọ àkísà, mo gbìyànjú láti ṣí i kúrò, ó sì ń já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ó sì hó. Ìyàwó mi gbọ́ tí mò ń rẹ́rìn-ín, ó yọjú wo ohun tí mò ń ṣe, ó sì ní kí n má fi ewé dí ihò omi ilé-ìwẹ̀ fún òun o.